Katapílà àwa olùkọ́ méje

Láti ìgbà tí ẹnìkan ti gbé fọ́tò ẹ̀rọ wa sí ojú ewé yìí ni ìbéèrè ti ń rọ́ wọlé: ṣé òótọ́ ni pé olùkọ́ ló ni katapílà tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Tchaada? Òótọ́ ni. Àwa olùkọ́ méje la jọ rà á. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe jẹ́ gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a ti di olówó. Nínú wa, mẹ́ta ṣì ń gun zémíjàn lọ sí ilé ìwé láràárọ̀, ẹ̀kẹrin sì ń fẹsẹ̀ rìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, torí olùkọ́ ni wá, a ò lè rí ọ̀rọ̀ ká má tún un ṣe. Katakata ni àwọn bàbá wa ń pe gbogbo ẹ̀rọ ńlá tó ń túlẹ̀; ariwo ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tó lọ ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì lápá Ìdí-Ìrókò ń pè é ní katapílà. Àwa tí wọ́n fi Faransé kọ́ ń pe irú tiwa ní tractopelle, èyí tó ní garawa fẹ̀ẹ̀rẹ̀ níwájú tó fi ń kó yẹ̀pẹ̀, tó sì ní apá gígùn lẹ́yìn tó fi ń gbẹ́ kòtò. Katapílà gidi kì í lo táyà. Ní 1904, ní ìlú Stockton ní California, Benjamin Holt rí i pé ẹsẹ̀ irin ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ rẹ̀ ń rì sínú ilẹ̀ rírọ̀, ló bá yọ ọ́ kúrò, ó fi ẹ̀wọ̀n tí wọ́n to pákó mọ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń ya fọ́tò fún un ló sọ pé ó ń rá bíi kòkòrò tó ń jẹ ewé. Orúkọ kòkòrò yẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì ló di orúkọ ilé iṣẹ́ Caterpillar ní 1925, nígbà tí ilé iṣẹ́ Holt àti ti Best para pọ̀. Tiwa ní táyà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ta ló máa dúró láàárín ọjà láti ṣàlàyé ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní 2017, nígbà tí àgbàrá já ẹ̀yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí méjì nínú wa ti ń kọ́ni. Kòtò náà ti ń sún mọ́ ògiri kíláàsì àwọn ọmọ kékeré. Ẹgbẹ́ àwọn òbí dá owó jọ, wọ́n wá ẹ̀rọ. Wọn ò rí i ní Tchaada, wọn ò rí i ní Ifangni, Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti rí i. A dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tó dé lórí ọkọ̀ akẹ́rù pẹlẹbẹ, wákàtí mẹ́rin péré ló fi ṣiṣẹ́ tó fi parí. Owó tí a san fún gbígbé e wá àti gbígbé e padà ju owó iṣẹ́ náà lọ. Ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò jù láàárín wa mú ẹfun, ó kọ gbogbo rẹ̀ sí pátákó, ó wá yíjú padà sí wa. Ó ní, “Ẹ̀yin ará, ọ̀nà la sanwó fún, a ò sanwó fún iṣẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn wa. Ẹni tó bá mọ agbègbè yìí mọ̀ pé kò sí ọjọ́ tí ènìyàn kan kì í fẹ́ gbẹ́ nǹkan: ìpìlẹ̀ ilé, kòtò ṣáláńgá, odò ẹja, gbòǹgbò ọ̀pẹ tó ti gbó tí wọ́n fẹ́ hú kí wọ́n lè gbin tuntun. Ọkọ́ àti àdá ni wọ́n ń fi ṣe é. Àwọn oníṣòwò tó ń ta ọjà láàárín Igolo àti Ìdí-Ìrókò sì ń kọ́lé ní ọdọọdún. Bí ẹ̀rọ kan bá ń gbé láàárín wa, ta ló tún máa sanwó ọ̀nà Àjàṣẹ́?

A ní àjọ kan tí a ti ń dá láti ọdún tí wọ́n gbà wá síṣẹ́. Àjọ yẹn la fi bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Ṣùgbọ́n kí a tó ná kọ́bọ̀, a lọ bá ìyá kan ládùúgbò tó ń fi àga, tábìlì, ìkòkò ńlá àti ìbòrí ìnáwó yáni. Àga ogún ló fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí, kò sí òkú àgbà tàbí ìkómọjáde tí àga rẹ̀ kì í sí. A rò pé àwa la máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un. Òun ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ó ní, “Ẹ̀yin mẹ́tìrì, àga tó wà nílé mi kò pa owó, àyè ló ń gbà. Èyí tó jáde ló ń pa owó. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá ti jáde ló ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá gba ẹgbẹ̀rún kan, mo ti mọ̀ pé igba nínú rẹ̀ kì í ṣe tèmi, ti àga tuntun ni.” Ó tún ní kí a má ṣe yá ẹbí ní ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́, ìbáà jẹ́ sàréè bàbá wa ni wọ́n fẹ́ fi gbẹ́. A rẹ́rìn-ín. Ó yẹ ká ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa yá mílíọ̀nù 2 sẹ́fà ní báńkì, tí wọ́n á máa yọ lára owó oṣù wa fún ọdún márùn-ún. Mílíọ̀nù 14. Méjì nínú wa kò sọ fún ìyàwó wọn. A ò ní dárúkọ wọn, àwọn ìyàwó náà ń ka ojú ewé yìí.

Tòkunbọ̀ la rà. Ẹni tó tà á fún wa ní Kútọ̀nú ti fi ọ̀dà tuntun kùn ún, ó ń dán bí ẹyin. Ogúnjọ́ kò pé tí pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì sí apá rẹ̀ fi kú. Ìgbà yẹn la tó mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì yẹ ká ti mọ̀ kí a tó sanwó. Ọ́ìlì ni iṣan apá rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ń ti ọ́ìlì gba inú rọ́bà líle lọ sínú sìlíńdà, agbára ọ́ìlì yẹn ló ń gbé garawa tó wúwo ju màlúù lọ. Bí ìdọ̀tí bá wọ inú ọ́ìlì, pọ́ǹpù á máa jẹ ara rẹ̀ títí á fi kú. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò ra ọ́ìlì, ọ̀dà ló rà. Oṣù méjì ni katapílà wa fi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tí àwọn adìyẹ ń sùn nínú garawa rẹ̀, tí báńkì sì ń yọ owó. Àwọn ọmọ kíláàsì wa á dìde: “Mẹ́tìrì, ṣé katakata yín ń ṣàìsàn ni?”

Olùkọ́ ni wá. Bí ìyà bá jẹ wá, ìwé la ń sá tọ̀. Lábẹ́ máńgòrò yẹn la ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa àwọn tó fi iṣẹ́ yìí dàgbà, lórí fóònù, ní alaalẹ́. Ilẹ̀ Faransé la kọ́kọ́ yà sí, níbi tí Franky Mulliez ti dá Kiloutou sílẹ̀ ní 1980. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé, ẹ ka orúkọ náà sókè: qui loue tout, ẹni tó ń fi ohun gbogbo yáni. Ìyá alága wa náà ni, òkun ló wà láàárín wọn. A tún kà nípa Joseph Cyril Bamford, tí irú ẹ̀rọ tiwa jáde láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní England ní 1953, tí wọ́n ń pè ní JCB. Gáréèjì kékeré kan tó háyà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1945. Ẹni tó ń ṣe ohun tí aráyé ń háyà, òun náà háyà kí ó tó rí ibi jókòó.

Ṣùgbọ́n ìtàn tó gba oorun lójú wa, ti Amẹ́ríkà ni. Bradley Jacobs kì í ṣe ẹni tó mọ katapílà. Ó ti ṣòwò epo rọ̀bì, lẹ́yìn náà ló bọ́ sí òwò kíkó ìdọ̀tí: ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1989 ń ra àwọn kékeré tó ń kó ìdọ̀tí ní ìlú kéékèèké, ó ń so wọ́n pọ̀, ó sì tà á ní 1997. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ló dá United Rentals sílẹ̀ ní Connecticut. Ó ti rí i pé iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ yáni wà lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé káàkiri Amẹ́ríkà, bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Kò ra ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ní ẹ̀rọ ló ń rà. Ní 1998 ó da ilé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ U.S. Rentals, ó sì di èyí tó tóbi jù ní Àríwá Amẹ́ríkà, lẹ́yìn bí ọdún kan péré tó bẹ̀rẹ̀. A ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní tiwa, oṣù méjì la fi ń wá pọ́ǹpù kan.

Nígbà tí a tú ìtàn náà wò, ohun tí ìyá alága sọ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó jókòó ní ìlú kan lè jáde ní ìlú kejì, bí ẹnìkan náà bá ni ìlú méjèèjì. Ẹni tó ń ra ẹgbẹ̀rún kì í san iye tí ẹni tó ń ra ẹyọ kan ń san. Wọ́n sì máa ń ta ẹ̀rọ kí ó tó gbó kọjá àlà, wọn kì í dúró kí ó kú sí wọn lọ́wọ́. Ti ìkẹyìn yìí dùn wá, torí a ti mọ ẹni tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń tà á fún.

Ilé iṣẹ́ náà fara gbá o. Ní 2007, Cerberus tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn máa rà á ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4 dọ́là, láìka gbèsè ọrùn rẹ̀. Kí ọdún tó parí, owó yíyá ti le, Cerberus ní àwọn ò ṣe mọ́. Wọ́n dé kóòtù ní Delaware, adájọ́ dá Cerberus láre, mílíọ̀nù 100 dọ́là tó wà nínú ìwé àdéhùn fún ẹni tó bá yẹ̀ ni wọ́n san, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ ìkọ́lé wó lulẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Síbẹ̀ wọ́n yè é. Nígbà tó fi di 2012, àwọn náà ló ń ra ẹlòmíràn: wọ́n ra RSC ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.2 dọ́là. A kà á bí ẹni ń gbọ́ àlọ́, a ò mọ̀ pé tiwa ń bọ̀ lọ́nà.

Ẹ̀rọ padà dìde. A ya kàlẹ́ńdà ńlá kan sára ògiri, a ń fi ẹfun pupa sàmì sí ọjọ́ tó bá jáde. Ní ìparí 2018, oṣù kan wà tó jáde fún ọjọ́ 17. Inú wa dùn, àmọ́ owó tó ń wọlé kò bá ẹfun pupa mu. Aago kékeré kan wà níwájú awakọ̀ tó ń ka iye wákàtí tí ẹ́ńjìnì fi ṣiṣẹ́. A ò wò ó rí. Lọ́jọ́ tí a wò ó, ó ju iye wákàtí tí wọ́n san fún wa lọ ní 60 àti díẹ̀. Ẹni tó ń wà á fún wa ti ń gbé e jáde ní òru àti ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí a wà ní ilé Ọlọ́run. Èyí tó dùn wá jù ni pé ọmọ ilé ìwé wa àtijọ́ ni. Àwa la kọ́ ọ ní ìṣirò. A pè é, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ìyàwó òun bímọ ní tipátipá ni. A ò lé e. Àwọn kan nínú wa ṣì ń sọ pé ó yẹ ká ti lé e, àmọ́ òun ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà tún ṣàìsàn mọ́. Bó bá ti gbóhùn pọ́ǹpù, ó ti mọ ohun tó ń dùn ún. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà aago la ń kọ sínú ìwé kó tó jáde àti nígbà tó bá wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ la wá gbọ́ nípa Hello Tractor, tí Jehiel Oliver bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2014. Wọ́n ń so ohun kékeré kan mọ́ ara katakata, onílé á wà nílé rẹ̀, á máa rí ibi tí katakata rẹ̀ wà lórí fóònù. Àgbẹ̀ tí kò ní katakata á bá aṣojú sọ̀rọ̀, wọ́n á bá a háyà rẹ̀. A bú sẹ́rìn-ín. Àrùn kan náà ló ń ṣe gbogbo wa.

Ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ibodè. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Igolo kò nílò kí a rò fún yín. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ wa ń kọjá sí ọ̀hún. Kò kọjá rí. Àmọ́ owó tó ń kọ́ ilé ní Tchaada, ọ̀hún ló ti ń wá. Ẹni tó ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ fi í sílẹ̀, koríko hù nínú rẹ̀. Ẹfun pupa lára ògiri di ọjọ́ 3 ní oṣù kẹwàá, ọjọ́ 2 ní oṣù kọkànlá. Oṣù kejìlá, òdo. Àrùn kòrónà tẹ̀ lé e. Ní oṣù kejìlá 2020 Nàìjíríà ṣí ibodè mẹ́rin, Sẹ̀mẹ̀ wà níbẹ̀, ti Ìdí-Ìrókò kò sí. Oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ṣíṣí rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, báńkì ò ti ibodè tirẹ̀: òpin oṣù, wọ́n á yọ owó.

Inú ìyẹn ni ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wa ti yege nínú BAC, tó fẹ́ lọ sí yunifásítì Abomey-Calavi. Bàbá rẹ̀ wá sí ìpàdé, kò jókòó. Ó ní kí a tà á. Ẹnìkan ti ní òun máa rà á ní mílíọ̀nù 5, a mọ̀ pé ó fẹ́ fi wá jẹ ni. Àwa mẹ́fà ní rárá. Ó ní, “Kí ni mo máa sọ fún ọmọ náà? Pé owó rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò?” Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀. Àwa mẹ́fà pinnu pé a máa san mílíọ̀nù 2 rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, láti inú owó oṣù tó ti ń sọnù. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin la fi san án. Ọmọ náà lọ, ó ti ṣe tán báyìí. Bàbá rẹ̀ ń kí wa bí a bá pàdé, ó ń béèrè àlàáfíà ilé, ṣùgbọ́n kì í dúró.

Ohun tó gbà wá kì í ṣe ọgbọ́n ńlá. Ní 2021 a lọ bá ẹnìkan ní Sakété tó ní ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ méjì, àti ẹlòmíràn ní Pobè tó ní ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀. Wọ́n jókòó lásán bíi tiwa. A ò ra ara wa bí ti Jacobs, kò sówó. A kàn ṣàdéhùn pé ẹni tí iṣẹ́ bá bá nílé á pe àwọn yòókù, á sì gba ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí wọ́n bá pa. Àárò ni, bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń bá ara wọn kọ ebè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wa kọ ọ́ sórí ìwé ní Faransé pẹ̀lú àpilẹ̀kọ 14. Oníbàárà tó pè wá fún kòtò á bá ọkọ̀ tó máa kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí Tchaada ò lò lọ́sẹ̀ yìí, Pobè á lò ó. Nígbà tí a san gbèsè báńkì tán ní 2023, a ra èkejì, ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ kan sì tẹ̀ lé e lọ́dún tó kọjá. Ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo owó tó bá wọlé, a kì í fọwọ́ kàn án. Ti àga tuntun ni.

Ní oṣù yìí ni oníṣòwò kan láti Kútọ̀nú wá wò wá. Ó ti ra ti ẹni Pobè. Ó fẹ́ ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tiwa, tọkọ̀ tẹ̀rọ, kí a sì máa bá a bójú tó o níbí. Iye tó dá kò burú. Ó ní kí a mú ìwé wá, a sì gbé e jáde. Orúkọ méje ló wà nínú ìwé ẹ̀rọ àkọ́kọ́. A ò yọ orúkọ ẹni tí a san owó rẹ̀ padà. Kò sẹ́ni tó rántí, tàbí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa yọ ọ́. Mẹ́ta nínú wa ní owó rẹ̀ ti pé lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwa yòókù rò pé nígbà tí a ń wá pọ́ǹpù lábẹ́ máńgòrò, àwa méje la ń wá a, ibẹ̀ ni ọkọ̀ méjì tó kù sì ti jáde wá. Mílíọ̀nù 2 tí a dá padà fún un, èlé kankan kò gorí rẹ̀, báńkì sì gba èlé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la máa jókòó, ní kíláàsì CM2, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. A ti ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun máa wá, àmọ́ kí a má ra ohun mímu kankan de òun.